Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní Àjàṣẹ́: ohun tí ìjà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti kọ́ mi

Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká tí à ń rà ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ ló jẹ́ tòkunbọ̀. Ilé-iṣẹ́ kan ní Faransé tàbí ní Jámánì ti lò ó fún ọdún mélòó kan kí wọ́n tó kó o sínú kọ̀ǹténà, kó sì gba èbúté Kútọnu wọlé. Ẹni tó fẹ́ rà á yóò gbé e yẹ̀ wò, yóò wo ara rẹ̀, yóò béèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ń pẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe ti jẹ́ kí n mọ̀ ni pé ara ẹ̀rọ nìkan kọ́ ló ń sọ iye ọdún tó kù fún un. Ìpinnu tí Microsoft, Apple, Google àti Intel ń ṣe láti gba ọjà mọ́ ara wọn lọ́wọ́ ló ń sọ ọ́ jù. Àpá ìjà wọn wà lára gbogbo ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá mọ àpá náà kà kò ní fi owó rẹ̀ ra ohun tí ẹlòmíràn ṣì ń pàṣẹ lé lórí.

Èyí tó pẹ́ jù nínú àpá náà ṣe wá lóore. Lóṣù kẹjọ ọdún 1981, IBM gbé kọ̀ǹpútà ara-ẹni tirẹ̀ jáde. Apple ti ń ta Apple II láti 1977, IBM sì ń kánjú, ni kò bá ṣe gbogbo nǹkan fúnra rẹ̀. Ó ra ọpọlọ ẹ̀rọ náà, 8088, lọ́wọ́ Intel, ó gba DOS, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, lọ́wọ́ Microsoft, àdéhùn wọn kò sì ní kí Microsoft má ta DOS fún ẹlòmíràn. Ohun tó kù tó jẹ́ ti IBM nìkan ni BIOS, ètò kékeré inú ẹ̀rọ tó ń jí i bí a bá tàn án. Compaq jókòó, ó kọ BIOS tirẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìda ti IBM kọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀rọ tirẹ̀ ní 1983. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tó di 2005, IBM ti ta ẹ̀ka kọ̀ǹpútà ara-ẹni rẹ̀ fún Lenovo. Ìdí nìyẹn tí ThinkPad fi ń jẹ́ Lenovo lónìí. Owó ńlá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń to àpótí, ó lọ bá ẹni tó ni ètò àti ẹni tó ni ọpọlọ.

Lórí àdánù IBM yẹn ni iṣẹ́ wa dúró. Òun ló jẹ́ kí RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tí a yọ lára Dell wọ inú HP, kí díìsìkì Toshiba sì ṣiṣẹ́ nínú Lenovo. Ṣùgbọ́n ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára RAM kí ẹ tó fi í sínú ẹ̀rọ. DDR3 àti DDR4 kì í wọ ihò kan náà, èyí rọrùn láti rí. Èyí tó ń tan àwọn ọ̀dọ́ inú iṣẹ́ jẹ ni DDR3 tó ń lo 1.5V àti DDR3L tó ń lo 1.35V. Méjèèjì wọ ihò kan náà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ láàptọ́ọ̀pù Intel ìran kẹrin kì í gba ti 1.5V: iná rẹ̀ á tàn, ojú rẹ̀ á dúdú, ẹni tí kò mọ̀ á sì sọ pé bọ́ọ̀dù, pátákó ńlá inú ẹ̀rọ, ti kú. Ẹ wá lẹ́tà L náà, tàbí kí ẹ wá 1.35V lára rẹ̀. Fún ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe láàárín 2013 sí 2018, kò sí àtúnṣe tó dà bíi kí a yọ díìsìkì tó ń yí, kí a fi SSD 240GB, àpamọ́ tí kò ní ohun tó ń yí, síbẹ̀, kí a sì sọ RAM di 8GB. Ẹ̀rọ tó ń lo ìṣẹ́jú méjì kó tó ṣí á máa ṣí láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Ìjà mìíràn ló gba àǹfààní yẹn lọ́wọ́ wa díẹ̀díẹ̀. Ní 2008 Apple gbé MacBook Air jáde, ó tín-ín-rín, wọ́n sì fi òjé jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, tí kò ṣe é yọ. Ní 2011 Intel rọ àwọn tó ń fi ọpọlọ rẹ̀ ṣe ẹ̀rọ pé kí wọ́n ṣe tiwọn tín-ín-rín bákan náà, wọ́n pè é ní Ultrabook, àwọn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó RAM. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó fún ẹ̀rọ tó ní 4GB pẹ̀lú èrò pé ẹ ó fi kún un lẹ́yìn ọ̀la, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, ẹ lọ sí ojú ibi tí wọ́n ti ń fi RAM hàn. Bí ẹ bá rí SODIMM níbẹ̀, ihò sábà máa ń wà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á ṣí ìdí ẹ̀rọ náà fún yín. Ẹ̀rọ 4GB tí wọ́n jó, 4GB náà ni yóò kú sí, n kì í sì í bá ẹnikẹ́ni rà á mọ́ láfi tó bá jẹ́ Linux, ètò ọ̀fẹ́ tí a lè fi rọ́pò Windows, ló fẹ́ fi sí i.

Èyí tó wá burú jù lọ́jà ni àwọn ẹ̀rọ kéékèèké olówó pọ́ọ́kú, tó sábà máa ń ní àwọ̀ tó wuni. Láti 2011 ni wọ́n ti ń ta Chromebook, ètò Google ló ń gbé e ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò pọ̀, àwọn ilé-ìwé Amẹ́ríkà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Microsoft kò fẹ́ kí ọjà yẹn bọ́. Ní 2014 ó dín owó tó ń gbà lórí Windows kù fún ẹni tó bá ń ṣe ẹ̀rọ olówó kékeré, ibẹ̀ ni HP Stream àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wá: RAM 2GB, àpamọ́ 32GB, wọ́n sì jó méjèèjì mọ́ bọ́ọ̀dù. Windows nìkan ń gbà ju ìdajì 32GB náà lọ. Bí àtúnṣe ńlá bá dé, kò ní rí ààyè tú ẹrù rẹ̀ sí, á gbìyànjú, á kùnà, á tún gbìyànjú lọ́jọ́ kejì, á sì máa jẹ dátà lórí fọ́ọ̀nù onílé ní gbogbo ìgbà yẹn. Kò sí oògùn rẹ̀ ní Windows. Ẹ má rà á fún ọmọ tó ń lọ sí yunifásítì, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Ọ̀rọ̀ Windows 11 ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ sọ, nítorí òun ló kún ọjà nísinsìnyí. Microsoft gbé e jáde ní 5 oṣù kẹwàá 2021, ó sì là á kalẹ̀ pé ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní TPM 2.0, UEFI (BIOS ìgbàlódé) tó lè lo Secure Boot (ìdènà tí kì í jẹ́ kí ètò àjèjì jí ẹ̀rọ), RAM 4GB, àpamọ́ 64GB, àti ọpọlọ Intel ìran kẹjọ sókè tàbí Ryzen 2000 sókè. TPM ni ṣíìpù tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò. Ìdí tí Microsoft sọ ni ààbò, mo sì gbà pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìran keje tó ní TPM 2.0, tí ara rẹ̀ le koko, ni wọ́n fi òfin kan náà tì sẹ́yìn. Ní 14 oṣù kẹwàá 2025, àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dópin. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù ló ń pààrọ̀ rẹ̀, ibi tí èyí tí wọ́n pààrọ̀ ń gbà lọ kì í sì í ṣe ohun àdììtú fún wa.

Bí a ṣe ń dá a mọ̀ nìyí. Ẹ wo nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i3, i5 tàbí i7. Bó bá jẹ́ i5-7300U, ìran keje ni. i5-8350U jẹ́ ìran kẹjọ. i7-10510U jẹ́ ìkẹwàá, i5-1135G7 sì jẹ́ ìkọkànlá: bí nọ́ńbà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, 11, 12, 13 tàbí 14 ẹ ka méjì, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ẹ ka ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R, ẹ kọ tpm.msc, ẹ wo bóyá 2.0 ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú msinfo32, ẹ wo bóyá UEFI ni. Nígbà mìíràn TPM wà ṣùgbọ́n wọ́n ti pa á nínú BIOS. Ẹ wọ BIOS lọ tàn án, nípa títẹ bọ́tìnnì bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tàn: F2 lára Dell, F10 lára HP, F1 lára ThinkPad.

Àwọn kan á sọ fún yín pé àwọn lè fi Windows 11 sórí ẹ̀rọ ìran kẹrin. Wọn kò parọ́. Ètò kan wà tó ń jẹ́ Rufus. Bí a bá ń fi í ṣe USB, 8GB ó kéré tán, ó ń béèrè bóyá a fẹ́ yọ ìdènà TPM, Secure Boot àti RAM kúrò. Yóò wọlé, yóò sì ṣiṣẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ẹ̀dà tuntun tó ń jáde lọ́dọọdún kì í sábà wá fúnra rẹ̀ sórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ní láti tún USB ṣe, kó sì tún un fi sí i. Láti ẹ̀dà 24H2, ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò bá ní àṣẹ POPCNT kò tilẹ̀ ní ṣí, Core 2 Duo wà lára wọn. Bí oníbàárà bá ń gbé ní Kétu, tí yóò ní láti wọ mọ́tò wá bá mi nítorí èyí lọ́dọọdún, mo máa ń sọ fún un kó tó sanwó. Ẹni tó sì ṣì wà lórí Windows 10, ẹ̀dà 22H2, lè fi àkáǹtì Microsoft forúkọ sílẹ̀ kí àtúnṣe ààbò máa wá títí di 13 oṣù kẹwàá 2026. Inú ojú ìwé Windows Update ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba owó lọ́wọ́ yín láti fi ètò olè mú Windows ṣiṣẹ́. Láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni wọ́n ti ń kọ kọ́kọ́rọ́ Windows sínú BIOS ẹ̀rọ láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Bí a bá fi Windows tó mọ́ sí i, tó sì rí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sábà máa ń mú ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ láìgba kọ́bọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé kọ́kọ́rọ́ inú BIOS jẹ́ ti Home, ẹni tó tún ẹ̀rọ ṣe sì fi Pro tàbí Enterprise sí i nítorí òun ló wà lórí USB rẹ̀. Windows á kọ̀, wọ́n á wá fi ètò olè yanjú rẹ̀, kòkòrò tó ń jí kóòdù á sì bá a wọlé. Ẹ̀dà tó bá ẹ̀rọ mu ni kí ẹ ní kí wọ́n fi sí i.

Nǹkan mìíràn tó ti pa iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lára ni títi díìsìkì pa. Windows 11 tuntun, bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé nígbà tí ẹ ń tò ó, á ti gbogbo díìsìkì pa láìpariwo, á sì fi kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 pamọ́ sínú àkáǹtì náà. Bí a bá pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, nígbà mìíràn bí BIOS bá kàn gba àtúnṣe, ẹ̀rọ á béèrè nọ́ńbà 48 náà. Ẹni tí ọmọkùnrin oní-saíbà bá ṣí àkáǹtì fún, tí kò mọ orúkọ rẹ̀ tàbí kóòdù rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí alágbára kankan tó lè ṣí i. Ẹ wọ aka.ms/myrecoverykey, ẹ da nọ́ńbà náà kọ sínú ìwé, ẹ má fi í sínú kọ̀ǹpútà kan náà.

Ti Apple le ju èyí lọ, nítorí Apple ló ni ẹ̀rọ, òun ló ni ètò, láti oṣù kọkànlá 2020 òun náà ló sì ni ọpọlọ. Ó ti pààrọ̀ ọpọlọ lẹ́ẹ̀mẹta: láti ti Motorola bọ́ sí PowerPC ní 1994, sí Intel ní 2006, sí tirẹ̀, M1, ní 2020. Ní gbogbo ìgbà tó bá pààrọ̀, àwọn tó wà lórí ti àtijọ́ ló ń fi sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. macOS 26, ètò Mac tó jáde ní 2025, ni Apple ti sọ pé ó máa jẹ́ ìkẹyìn fún Mac oní-Intel, mélòó kan péré nínú wọn, ti 2019 àti 2020, ló sì gbà á. Nítorí náà MacBook Pro 2017 tó ń dán lójú, tí wọ́n ń pè lówó gọbọi, ti kọjá àkókò rẹ̀ ní ti àtúnṣe. Díìsìkì rẹ̀, bó bá jẹ́ irú èyí tó ní Touch Bar (ìlà tó ń tàn lókè kíbọ́ọ̀dù), ni wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Bí bọ́ọ̀dù bá kú, ohun inú rẹ̀ bá a lọ. M1 tó ní 8GB sàn jù ú lọ fún ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a.

Láti 2018, Mac tó ní ṣíìpù T2, àti gbogbo ti M, ni ẹni tó kọ́kọ́ rà á lè tì pa mọ́ àkáǹtì Apple rẹ̀. Ẹni tó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ra ilé tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ onílé àtijọ́. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà rẹ́ níwájú mi, kí a so ó mọ́ Wi-Fi fọ́ọ̀nù mi, kí a tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ títí a ó fi rí ojú iṣẹ́. Íntánẹ́ẹ̀tì ṣe pàtàkì níbẹ̀. Láìsí i, Mac tí ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń ṣàkóso lè wọlé bíi pé kò sí nǹkan, tó bá wá rí íntánẹ́ẹ̀tì nílé yín ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà á yọjú. Bí ẹ̀rọ bá ti ṣí tẹ́lẹ̀, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ profiles status -type enrollment. Ó yẹ kí ó dáhùn No sí ìlà méjèèjì. Kọ̀ǹpútà Windows tó ti ilé-iṣẹ́ ńlá wá náà lè rí bẹ́ẹ̀: bí ẹ bá ń tò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ tó sì kí yín káàbọ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé-iṣẹ́ kan, ẹ dá a padà. Bákan náà ni ti kóòdù BIOS. Ẹ gbìyànjú láti wọ BIOS kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á; bó bá béèrè kóòdù tí kò mọ̀, owó yín kò gbọ́dọ̀ jáde.

Chromebook kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ọjọ́ ìparí àtúnṣe rẹ̀ wà nínú ètò rẹ̀ gan-an, lábẹ́ About ChromeOS, ẹ kà á. Ní 2023 Google sọ pé ọdún mẹ́wàá ni òun yóò fi máa tọ́jú èyí tó jáde láti 2021. Bí ilé-ìwé tó kọ́kọ́ ni ín kò bá yọ ọ́ kúrò nínú ìwé rẹ̀, ẹ pa á rẹ́ títí, ilé-ìwé náà ni yóò máa padà sí.

Fún ẹ̀rọ tí àwọn ńlá ti kọ̀, Linux Mint ni mo ń fi sí i, mo sì ń fi tọkàntọkàn sọ ọ́ nítorí mo rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó ń béèrè RAM 2GB, 4GB ló dára, àti àpamọ́ 20GB ó kéré tán. Ìdíwọ́ tó wọ́pọ̀ jù ni Wi-Fi. MacBook Air 2015 sí 2017, tí macOS rẹ̀ dúró sí Monterey, ń gbé Mint dáadáa, ṣùgbọ́n Wi-Fi Broadcom rẹ̀ kì í tàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ fi okùn USB so fọ́ọ̀nù mọ́ ọn, ẹ tan pínpín íntánẹ́ẹ̀tì lórí USB, ẹ ṣí Driver Manager, ẹ yan èyí tó fi hàn yín, ẹ tún ẹ̀rọ náà tàn. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá wà nínú rẹ̀ lábẹ́ Nàìjíríà. Àwa tí à ń lo AZERTY, kíbọ́ọ̀dù Faransé, ní láti fi méjèèjì sí i, kí a máa yí i padà, nítorí ti Yorùbá yẹn bá QWERTY, ti Gẹ̀ẹ́sì, rìn.

Ṣájà náà ń jà. Ti Dell ní abẹ́rẹ́ tín-ín-rín láàárín tó ń sọ fún ẹ̀rọ irú ṣájà tó jẹ́. Bí abẹ́rẹ́ náà bá kán, ẹ̀rọ á tàn, bátìrì kò ní gba iná, gbogbo rẹ̀ á sì máa falẹ̀. Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, kì í ṣe bátìrì. Ẹni tó bá ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti Amẹ́ríkà wá, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó so ó mọ́ iná: bí bọ́tìnnì pupa kan bá wà níbẹ̀ tó kọ 115, kó tì í sí 230, nítorí iná wa jẹ́ 220V; bí kò bá tì í, á dún gbàù.

Ó ku ìwé títẹ̀. Ẹni tó bá kọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú LibreOffice, ètò ìwé kíkọ ọ̀fẹ́, tó gbé e lọ sí saíbà tó ń lo Word, á rí i pé ojú ìwé 60 di 63, àwòrán sì ti kúrò ní ipò rẹ̀. Fọ́ǹtì Calibri ni Microsoft fi ń kọ ìwé láti Office 2007 títí di 2023, ti Microsoft nìkan sì ni. Ẹ fi fọ́ǹtì Carlito sórí Linux yín, ọ̀fẹ́ ni, fífẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ bá ti Calibri dọ́gba, Caladea sì wà fún Cambria. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ sọ ìwé náà di PDF, ẹ gbé PDF àti ti .docx sórí USB kan náà, PDF sì ni kí ẹ ní kí wọ́n tẹ̀.